Ọmọge Wọ Àpótí, Ìyàwó Ló Jáde

Mẹ́tàdínlógójì ni wá nínú ẹgbẹ́ onídán Bhabatosh Samaddar. A ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́fà àti erin kan tó ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni eré. Ṣùgbọ́n kò sí òǹwòran kankan tó mọ̀ pé èmi wà láyé. Malati ló máa ń wọ àpótí lórí ìtàgé. Ọ̀gá á fi idà gún àpótí náà, á ṣí i, òfìfo! Ìgbà náà ni èmi, tí mo jọ Malati bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wa, á sáré wọlé láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ariwo á sọ.

Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo ni Ọ̀gá fún wa: "Ẹ gbọ́dọ̀ rí bákan náà. Ẹni tó bá lọ́kọ, kó máa lọ ilé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a dé ìlú Krishnanagar, èmi àti Subal, afunfèrè wa, yọ́ lọ ṣègbéyàwó ní tẹ́ńpìlì kékeré kan. Ó fi osùn pupa sí ojú ìlà irun mi bí a ti ń ṣe fún ìyàwó; ẹni tí ọkọ rẹ̀ bá kú nìkan ló ń nù ún kúrò.

"Shefali, nù ún kúrò!" Malati ló ké mọ́ mi lẹ́yìn ìtàgé.

"Kí n nù ún, kí ọkọ mi kú? Ọkọ tí n kò tíì lò tó wákàtí kan!"

"Ó dáa, fi ìborùn bò ó. Tó bá hàn, ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni ìwọ àti ọkọ rẹ yóò ti máa fun fèrè tọrọ jẹ."

Mo bò ó. Nígbà tó kàn mí, mo sáré wọlé. Ìṣó ẹnu ọ̀nà fa ìborùn mi yọ, èmi ń lọ.

Gbogbo ojú lọ sí osùn orí mi. Ìyá arúgbó kan tó ń jẹ gúgúrú ìrẹsì dìde.

"Ẹ gbà mí o! Ọmọge ló wọ àpótí! Ta ló fẹ́ ẹ?"

Mo wo Ọ̀gá. Láwàní rẹ̀ ń mì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ọ̀nà tí mo rán an jìn. Ó yà sílé ọkọ."

"Láàárín ìṣẹ́jú kan?"

"Màmá, ìgbà tí wọ́n fẹ́ ẹ̀yin náà, ṣé ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó rí i pé ẹ ti kó sí i?"

Ẹ̀rín bú gbàù. Gúgúrú màmá dà sílẹ̀.

Lẹ́yìn eré, Ọ̀gá pè mí. "O rú òfin."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá."

"Lọ́la, má bo orí wọlé."

Láti ọjọ́ yẹn, ìlú tí a bá dé ni mo ti ń di ìyàwó. Malati nìkan ni òfin ṣì dè, ó sì ń bú mi títí dòní. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ní ọjọ́ tí Malati náà bá lọ́kọ, ọmọ ni èmi yóò gbé wọlé láti ẹ̀yìn.

Subal ní òun ti múra tán.