Ẹ̀jẹ̀ Tó Mọ Ọkọ Rẹ̀

Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàárín ìmọ́lẹ̀ náà, kò ju ìka ọmọdé lọ. Pupa díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìka méjì ló dì í mú, wọ́n ń mì ín, wọ́n ń mì ín jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí ọmọ tí kò fẹ́ kó sunkún.

Wò ó dáadáa, ìwọ tí ò ń kà á. Ẹ̀jẹ̀ Adégbuyì ló wà nínú ìgò yẹn, omi inú ẹ̀jẹ̀ Mọ́rádékẹ́ aya rẹ̀ ni wọ́n sì pò ó mọ́. Àárọ̀ yìí ni Mọ́rádékẹ́ bí ọmọ kẹrin wọn ní ilé ìwòsàn yìí. Ọmọ ké, ọmọ mu ọyàn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Bí wọn ò bá tètè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Adégbuyì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò, sìmẹ́ńtì ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Bíríkìlà ni. Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pè é, tòun tàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n sì jọ sáré wá. Gbogbo ìgbà tí ìyàwó bá lóyún ni ilé ìwòsàn máa ń ní kí ọkọ wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn ọkọ mìíràn a máa sá, Adégbuyì kì í sá. Ẹ̀jẹ̀ òun, O. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó, O. Kí ló tún kù? Ó ti ká apá aṣọ sókè kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé bó bá jẹ́ ti Mọ́rádékẹ́ ni, kí wọ́n fà á tán lára òun.

Ìyáàfin Fámúrewá, tó ń ṣe àyẹ̀wò, ló di ìgò náà mú. Ó ń mì ín. Pupa náà ń tú, ó ń fẹ́ lọ sókè bí èéfín, ó dọ́gba, ó ń dán. Adégbuyì mí kanlẹ̀. Obìnrin náà kò tíì mí. Ó fi omi fọ ẹ̀jẹ̀ náà, ó tún un fọ̀, ó wá kán nǹkan kan lé e lórí. Ó gbé e sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yí i. Ó tún gbé e sínú ìmọ́lẹ̀, ó mì ín.

Kò tú.

Kò tú, ọ̀rẹ́ mi. Ó ṣù. Ó di wóró bí yanrìn pupa, wóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wóró, wóró di wóró mú. Ó mì ín le díẹ̀, wóró ń fò, wóró ń jó, kò sí èyí tó fi èkejì sílẹ̀.

Ojú Adégbuyì ṣú. Kí ẹ̀jẹ̀ aya ẹni kọ ẹ̀jẹ̀ ẹni, ta ni èèyàn fẹ́ sọ ọ́ fún? Ó dùn ún wọ egungun. Ìyáàfin Fámúrewá rí ojú rẹ̀, ó ní kó wọlé kó jókòó, ó sì ń ṣàlàyé fún un bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń bá ìgò mìíràn ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn tó bá ọkọ náà wá tí tiwọn náà jẹ́ O.

Ó ní nínú omi ẹ̀jẹ̀ gbogbo èèyàn ni àwọn agbóguntàrùn ń rìn, wọ́n kéré débi pé ojú kò lè rí wọn. Ẹsẹ̀ kan, apá méjì, bí igi tó ya sí méjì lókè. Ṣóńṣó apá ni ọgbọ́n wà, nítorí àlejò kan ṣoṣo ló ṣe wẹ́kú rẹ̀, bí ọmọrí ṣe ń ṣe wẹ́kú ìkòkò. Bí apá bá ti di àlejò mú, ẹsẹ̀ a yọ síta, a máa pe àwọn jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀ pé kí wọ́n máa bọ̀, òun rèé. Apá ń mú, ẹsẹ̀ ń pè.

Ó ní apá tí Mọ́rádékẹ́ ní yìí kúrú. Láti àkọ́kọ́ ló ti di ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ mú, ó bò ó pátápátá, ṣùgbọ́n kò gùn tó láti na dé orí ẹyọ ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ inú ìgò fi kọ́kọ́ tú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ohun tí òun kán sí i ló di àwọn ẹsẹ̀ náà pọ̀ mọ́ra. Ká ní wọ́n ti kánjú gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ni, ara Mọ́rádékẹ́ ìbá fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ ya, òun fúnra rẹ̀ ìbá sì bá a lọ.

Adégbuyì béèrè ibi tí ara ìyàwó òun ti mọ ẹ̀jẹ̀ òun, ẹni tí kò gba ẹ̀jẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Àwọn ọmọ yín ni wọ́n mú un lọ, Bàbá Tiwà," ni obìnrin náà wí. "Bí ọmọ bá ń bọ̀ wáyé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa kán díẹ̀ sára ìyá. Àmì tiyín wà lára ẹ̀jẹ̀ yẹn."

Tiwàlolú, àkọ́bí wọn, kán tirẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sáyé. Ìbídùnní kán tirẹ̀. Fèyíjìmí kán tirẹ̀. Mọ́rádékẹ́ kò mọ nǹkan kan. Ó ń din àkàrà, ó ń wẹ ọmọ, ó ń bá ọkọ jà nítorí sìmẹ́ńtì tó fi kun bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣe apá jọ lábẹ́lẹ̀, apá lórí apá, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n Adégbuyì. Àní àmì tirẹ̀ nìkan ni wọ́n wọn irú apá bẹ́ẹ̀ fún. Ẹnu ya ọkùnrin náà débi pé ó gbàgbé láti tú apá aṣọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìgò Músílíù ló tú. Músílíù, ọ̀kan nínú àwọn tó sáré wá, tó ń tẹ irin fún wọn níbi iṣẹ́, tí Mọ́rádékẹ́ kì í fẹ́ rí lójúde rẹ̀ nítorí ariwo, tirẹ̀ ló ń fẹ́ bí èéfín títí dé òpin, kò ní wóró kan. Adégbuyì rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ aláriwo lọ sí wọ́ọ̀dù.

Oòrùn ti kúrò lójú fèrèsé nígbà tí nọ́ọ̀sì yọjú pé ẹ̀jẹ̀ ti dá, Mọ́rádékẹ́ ti lajú, ó ń béèrè ọkọ rẹ̀. Adégbuyì dìde. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó ní kí ìyáàfin jọ̀ọ́, kí òun rí ìgò àkọ́kọ́ yẹn, ti òun àti ìyàwó òun, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó fi ìka méjì mú un, ìka tó nipọn, tó ní sìmẹ́ńtì ní èékánná. Ó gbé e sínú ìmọ́lẹ̀ tó kù. Ó mì ín jẹ́jẹ́.

Kò tú.