Ẹṣin Tí Kò Gbọdọ̀ Gbọ́ Oríkì

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń gun ẹṣin lọ lórí títì Oregun láàárọ̀ Sọ́ńdè, tó ń dá rẹ́rìn-ín, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Sùlíyá ni. Aránṣọ ni, òun ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ mélòó kan ládùúgbò yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà èwe rẹ̀, eré ẹṣin ọ̀nà jíjìn ló gbé e lọ́kàn. Nígbà tí ẹṣin rẹ̀ àtijọ́ kú, ó gbé gàárì kọ́, ó ní ó parí. Ọdún mẹ́tàlá ni kò fẹsẹ̀ kan ẹṣin. Fọlárìn ọkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò fẹ́ wàhálà, ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níkọ̀kọ̀.

Ìgbà tó lọ kí oníbàárà kan ní Agege ló rí ẹṣin kan tó ń jẹ́ Gbajúmọ̀. Ádámù tó ni ín sọ fún un pé Ìlọrin ni wọ́n ti mú un wá, pé àwọn ìjòyè ló máa ń gùn ún jáde lọ́dún Iléyá. Sùlíyá kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Ẹṣin ọ̀hún ti gbé ẹnu lé e léjìká, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

“Orúnkún rẹ ńkọ́?” Fọlárìn bi í.

“Ẹṣin ló fẹ́ sáré, kì í ṣe orúnkún mi.”

Irọ́ ni o. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ló fi ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wọn. Síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí kò lọ síbi ẹṣin.

Eré yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ti ń gba ife-ẹ̀yẹ, kó máa lọ sílé. Bí ẹṣin bá dé, dókítà ẹran á fi ẹ̀rọ gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, ọkàn náà gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ dé ibi tí òfin fẹ́. Bí kò bá rọlẹ̀, wọ́n á ní ó ti rẹ ẹṣin jù, ẹni tó gùn ún á sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ìpele méjì ni eré náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, lópin ìpele kọ̀ọ̀kan. Kí Gbajúmọ̀ yege lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìyẹn nìkan ni Sùlíyá ń wá. Kò bìkítà bó bá ṣe ìkẹyìn.

Nígbà tí ọjọ́ eré pé, ìpele àkọ́kọ́ dùn bí oyin. Ilé-iṣẹ́ ti tì, kò sí tírélà lọ́nà, òórùn bísíkíìtì kan ṣáá ń bọ̀ láti ibì kan. Ní Omole, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dúró, wọ́n ń juwọ́. Inú Sùlíyá dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó padà dé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ eré, ó bá ìyá rẹ̀, Alhájà Simbiat, tó ti gbé kúlà oúnjẹ dé láti Agege. Bí Alhájà ṣe rí ọmọ rẹ̀ lórí ẹṣin, ó fi oríkì bọnu. “Àjíkẹ́,” ló pè é, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí ìdílé wọn l’Ọ́yọ̀ọ́. Gbajúmọ̀ ká ọrùn, ó gbẹ́sẹ̀ sókè, ó ń jó.

Dókítà Olúwayẹ́misí yọ ẹ̀rọ kúrò létí. “Mà, kò rọlẹ̀ o. Ó tiẹ̀ tún ń lọ sókè ni.”

Sùlíyá bu omi sí ẹṣin lára, ọkàn ẹṣin kò gbọ́. Alhájà rò pé àárẹ̀ ló mú ẹran náà, ló bá tún ki oríkì kíkankíkan. Ìgbà tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ, tó dákẹ́ kó lè mu omi, ni ọkàn Gbajúmọ̀ tó rọlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí àkókò pé.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Ádámù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Sùlíyá létí. Ẹṣin ìjòyè ni. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ki oríkì ń pàṣẹ pé kó jó ni.

Ó kúnlẹ̀. “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá padà dé, ẹ má kì mí.”

“Kí n má ṣe kín ni?”

“Ẹṣin yìí ni, mà. Tó bá ti gbọ́ oríkì, ọkàn rẹ̀ á máa sáré. Wọ́n á ní ká máa lọ sílé.”

“Ọmọ mi á ti ọ̀nà jíjìn dé, màá wá panu mọ́ bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo bí i? Kí làwọn èèyàn á pè mí?”

“Màmá, ẹ jẹ́ n ra gúgúrú fún yín, kẹ́nu yín lè ríṣẹ́ ṣe,” Fọlárìn dá sí i.

Alhájà kò rẹ́rìn-ín. Kò sì ṣèlérí.

Ìpele kejì kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Orúnkún ń ta Sùlíyá láti àdúgbò Ọgbà, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó mọ ìyá rẹ̀. Obìnrin tó ń ki dókítà tó bá gún un lábẹ́rẹ́.

Nígbà tó wọlé, gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Fọlárìn na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi bẹ àwọn èèyàn. Yorùbá tó pọ̀ tó báyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní “ẹ kú àbọ̀”. Alhájà wà láàárín wọn, ó ti ki etí ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú, omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò. Kò sí oríkì tí Sùlíyá gbọ́ rí tó wọ̀ ọ́ lára tó ìyẹn.

Gbajúmọ̀ tẹ orí ba. Dókítà tẹ́tí, ó tún tẹ́tí.

“Ó yege.”

Ìborùn bọ́ lẹ́nu Alhájà. Ó ki Àjíkẹ́ láti ọjọ́ tó ti bí i, ó kì í dé ilé baba rẹ̀, ó padà ó tún kì í, ohùn rẹ̀ ń há, kò sì dúró. Gbajúmọ̀ ń jó, wọ́n sì jẹ́ kó jó. Sùlíyá ṣì wà lórí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀. Ọkàn tirẹ̀ ló ń sáré báyìí, kò sì sí òfin tó ní kó rọlẹ̀.