Ojú Tí Wọ́n So Pọ̀

Iṣẹ́ ọmọ mi obìnrin ni láti ṣe ohun tí wọ́n ń tẹ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀ lórí ìkànnì ayélujára. Á ya fọ́tò èèpo igi, ògiri tàbí aṣọ, á gé e ní onígun mẹ́rin kékeré, á sì tún etí rẹ̀ ṣe débi pé bí wọ́n bá tò ó kún ojú kọ̀ǹpútà, ẹnikẹ́ni kò ní rí ojú ìsopọ̀. Bó bá parí ọ̀kan, á gbé e wá síwájú mi.

"Dádì, kí lẹ rí?"

Bí mo bá ní n kò rí nǹkan kan, á pàtẹ́wọ́. Bí mo bá ní àmì dúdú kan ń yọjú níbi gbogbo, á kùn, á sì padà lọ nù ún. "Ohun tó wà lẹ́yìn kò gbọdọ̀ pariwo, Dádì."

Àìsàn tí a fojú kéré ló mú un lọ. Ẹni tó yẹ kó sin mí ni mo sin.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀gá ọ́fíìsì rẹ̀ pè mí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀gá Kíákíá. Ó ní kí n wá wo ohun tí àwọn ṣe láti bọlá fún un, pé àwọn máa gbé e sórí ìkànnì ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Wọ́n fi mí jókòó sórí àga rẹ̀. Obìnrin tí òun àti ọmọ mi jọ ń lo tábìlì kan ló ṣí kọ̀ǹpútà.

Ojú ọmọ mi ni. Kì í ṣe ẹyọ kan. Wọ́n gé e ní onígun mẹ́rin kéékèèké, wọ́n tò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irun èyí wọnú àgbọ̀n tòkè, etí èyí lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lórí àwọn ojú náà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: "Ẹ gbé iṣẹ́ yín wá, ọwọ́ wa yá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Bàbá, kò sí ojú ìsopọ̀ rárá!" Ọ̀gá Kíákíá ní. "Ẹ ò lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀."

"Ọmọ tí mo bí ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì ní ibi tó parí sí. Èmi ni mo da yẹ̀pẹ̀ lé e. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Àna yín ti fọwọ́ sí i, sà."

Mo pe ọkọ ọmọ mi lórí fóònù.

"Dádì, wọ́n ní àwọn fẹ́ lo fọ́tò rẹ̀. Mo ní kò burú. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi mí báyìí, kò burú ni mò ń sọ."

N kò rí ìbáwí kankan bá a wí. Mo ní kó lọ jẹun.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀," Ọ̀gá Kíákíá ní. "Àwọn oníbàárà ń retí."

"Kí wọ́n máa retí. Bó bá jẹ́ ìyá rẹ ni, ṣé wàá tò ó bíi táìlì ilé ìwẹ̀?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ó yára fi ikọ́ bò ó.

Mo bèèrè ibi tí wọ́n ti rí fọ́tò náà. Obìnrin náà ṣí ojúlówó rẹ̀ fún mi. Ọmọ mi jókòó, ó la ẹnu díẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹni tó ń ya fọ́tò.

"Èmi ni mo yà á," ó rọra sọ. "Ó ń sọ fún mi pé, 'Ìwọ yìí, mo ní o ò gbọdọ̀ yà mí!' "

"Ọwọ́ rẹ̀ dà nínú tiyín?"

"Kò ṣe é so pọ̀, sà," Ọ̀gá Kíákíá ní. "Ibi yòówù ká gbé e sí, ó ń yọ síta. La bá gé e."

"Ẹ gé ọmọ mi lọ́wọ́."

Obìnrin náà kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀; ó pa gbogbo àwọn ojú náà rẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà wá funfun báláú.

"Kí la wá fẹ́ fi síbẹ̀ báyìí?" Ọ̀gá Kíákíá jágbe.

"Orúkọ rẹ̀," mo ní. "Àti iṣẹ́ tó ṣe fún yín. Ẹ má fi fọ́tò kankan sí i. Ó na ọwọ́ sí yín nígbà tó wà láàyè, ẹ ò gbọ́."

Mo sọ fún obìnrin náà pé kó fi èyí tó ní ọwọ́ ránṣẹ́ sí mi, sí èmi nìkan. Ó mi orí pé òun gbọ́. Omi ti kún ojú rẹ̀.

Ọ̀gá Kíákíá tẹ̀ lé mi dé ẹnu àtẹ̀gùn. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Mò ń bínú," mo ní, mo sì sọ̀ kalẹ̀.