Ife Wàrà Rùmáísà

Ẹ gbà mí! Orogún tí Roukayatou ń sá fún nílé ní Manigri, òun náà ló tún bá pàdé ní ilé ìwòsàn Bassila, ibùsùn wọn fara kanra. Gafarou, ọmọ tirẹ̀, rù kan eegun. Rùmáísà, ọmọ Moutiatou ìyàwó kékeré, wú lójú, ó wú lẹ́sẹ̀. Nọ́ọ̀sì Balkissou ní àìjẹun-tó-ṣara-lóore ló ṣe àwọn méjèèjì.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń wọn àwọn ọmọ. Rùmáísà ń fúyẹ́ sí i, nọ́ọ̀sì sì ń bá ìyá rẹ̀ yọ̀ pé omi tó wú u ló ń fà. Ti Gafarou dúró sójú kan. "Ẹ ní sùúrù," ni wọ́n ń wí fún Roukayatou. Sùúrù kẹ̀? Ọmọ tó ń fúyẹ́ ni wọ́n ń yìn! Ó ní ẹwà Moutiatou ló wọ nọ́ọ̀sì lójú, bó ṣe wọ ọkọ àwọn lójú. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Owú jẹ Roukayatou dé mùdùnmúdùn.

Wàrà ìtọ́jú, ńṣe ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n dá a padà. Rùmáísà kì í mu tirẹ̀ tán. Moutiatou á bo ife náà, á jáde lọ fọ aṣọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni Roukayatou fi ń jí i rọ sí Gafarou lẹ́nu. "Mu ún, ọmọ mi. Àwa náà á fi hàn wọ́n."

Lọ́jọ́ kẹrin, ìwọ̀n Gafarou fò sókè. Roukayatou ti ń wo Moutiatou tìkà-tẹ̀gàn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ka mímí ọmọ náà, ó yá jù. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ojú ibẹ̀ jìn, kò sì padà.

"Ìyá Gafarou, kí lẹ fún un? Omi ló kún ara rẹ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ ò tíì lè gba oúnjẹ púpọ̀. Ẹ sọ fún mi kíákíá, ká má pàdánù rẹ̀!"

Níwájú orogún ẹni, kéèyàn pe ara rẹ̀ lólè? Roukayatou wo Moutiatou, ó wo ọmọ tó ń mí gúlegúle.

"Wàrà Rùmáísà ni. Mo jí i."

Nọ́ọ̀sì dá wàrà dúró, ó gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò jẹ́ kó tọ omi náà jáde, ó sì jókòó tì í. Nígbà tó fi di ọ̀sán, Gafarou ti tọ̀, mímí rẹ̀ sì ti rọlẹ̀.

Moutiatou sún mọ́ ìyáálé rẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyáálé mi. Mo ti mọ̀. Mo rò pé ebi ń pa á ni. Èmi ni mo ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ fi wàrà náà sílẹ̀ fún yín."

Roukayatou dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹ̀mí ọmọ rẹ̀. Àmọ́ èyí tó jí gan-an, ìyàwó kékeré yìí ti fi ta á lọ́rẹ. Ìyẹn dùn ún ju kí wọ́n pè é lólè lọ.