Ìtẹ́ Sányán Kan Ṣoṣo

Ní agboolé Mùjíbátù ní Lálúpọn, ọ̀já sányán ni wọ́n fi ń pọn ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ran òwú rẹ̀ láti ara ìtẹ́ kòkòrò sányán.

Lọ́dún yìí, àwọn eléèédú ti gé igi ìrà tán nínú igbó. Ìtẹ́ kan ṣoṣo ló rí: àpò rúsúrúsú tí àwọn kòkòrò tó jẹ ewé ìrà yó pawọ́ pọ̀ hun, kí wọ́n lè sùn sínú rẹ̀ títí wọn yóò fi di àfòpiná. Ó gbé e kọ́ sára ògiri. Òfin rẹ̀ kì í yẹ̀: àfòpiná gbọ́dọ̀ jáde lọ yé ẹyin kí a tó fi omi eérú se ìtẹ́ fún òwú. Ẹni tó bá sè é tòun ti ẹ̀mí inú rẹ̀ ti jẹ irúgbìn àmọ́dún.

Ṣùgbọ́n oyún Humairah, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti wọ oṣù ìbímọ, àfòpiná kò sì tíì jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Humairah bá ìyá ọkọ rẹ̀ nídìí iná, omi eérú ń hó, ìtẹ́ wà lọ́wọ́ ìyá.

“Màmá, ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n jáde mọ́ ni?”

“Ọmọ rẹ ò ní dúró dè wọ́n. Kòkòrò kì í ṣe èèyàn.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi jà lánàá pé mo ń fi iṣu ṣòfò, nítorí pé mo bẹ èèpo rẹ̀ nípọn!”

“Ẹnu ẹ mú jù, ìyàwó.”

Humairah rọra gba ìtẹ́ náà, ó gbé e sétí. Nǹkan kan ń mira nínú rẹ̀.

“Tẹ́ ẹ bá se èyí, Màmá, kí la ó fi pọn àbúrò ọmọ inú mi yìí?”

Mùjíbátù wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. “O ò tíì bí èyí, o ti ń pe àbúrò!”

Ó fa igi iná yọ. Kò da omi eérú nù. Ó fi ṣe ọṣẹ. Ó sì lọ so ìtẹ́ náà mọ́ igi ìrà kan tó kù lẹ́yìnkùlé.

Ọmọ dé lóòótọ́, obìnrin, Fàdìlàt. Ọ̀já àǹkárá ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

“Ọmọ yìí, ọ̀já ọjà ni wọ́n fi gbà ọ́ o!” Fàtímọ̀, àbúrò ọkọ Humairah, ń ṣẹ̀fẹ̀.

“Tirẹ̀ ń bọ̀,” ni Mùjíbátù sọ.

Nígbà tí àwọn àfòpiná jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, funfun, Mùjíbátù pọn Fàdìlàt lọ wò wọ́n. Abo kan ti ń yé ẹyin sábẹ́ ewé. Ó ń fa irun ìdí ara rẹ̀ tu, ó fi ń bò wọ́n, díẹ̀díẹ̀.

“Rọra, ìyá,” Mùjíbátù sọ fún un. Ó dúró tì í títí ó fi bò wọ́n tán, ọmọ sì ti sùn sí i lẹ́yìn.