Orúkọ tí Màmá Safinat Kò Lè Pè

Ẹ̀rọ náà kò ju agolo mílíìkì lọ níbi tó jókòó sí nínú pálọ̀ Màmá Safinat ní Ọ̀kà, ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ bóyá màmá á ṣì máa gbé nínú ilé rẹ̀ tàbí wọ́n á gbé e lọ sí Àbújá. Láti ìgbà tí màmá ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, tó wà nílẹ̀ títí aládùúgbò fi gbọ́ igbe rẹ̀, ni Awwal ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Àbújá ti fárígá. Ó fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, tó sì ń bá èèyàn pe fóònù, ránṣẹ́. Ó ní bí ìyá òun kò bá lè fi ẹnu lásán pe ẹni tí yóò sáré wá, òun ń bọ̀ wá gbé e.

Ẹni tó súnmọ́ tó sì ní mọ́tò ni Alájì Kareem, àbúrò ọkọ màmá, ní Ìkàrẹ́. Marwa, ọmọ-ọmọ màmá tó ń kàwé ní Àkùngbá, ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ó ku kí màmá sọ pé, "Kọ́ọ̀lù Kareem."

Màmá jí ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Iná rẹ̀ tàn. Ó wúkọ́.

"Kọ́ọ̀lù… kọ́ọ̀lù bàbá Ìkàrẹ́."

Ẹ̀rọ ní òun kò rí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Marwa yọ wáyà iná, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Ó yẹ nẹ́tíwọ̀kì wò. Ìyẹn dúró ṣinṣin. Ó pa fèrèsé dé nítorí afẹ́fẹ́ orí òkè. Òun fúnra rẹ̀ wá sọ pé, "Kọ́ọ̀lù Kareem," ẹ̀rọ gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Marwa sì yára pa ìpè náà kó tó wọlé.

"Ẹ rí i? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí ẹ wí."

"Kọ́ọ̀lù ọkọ mi kékeré."

"Màmá! Àbí Àbújá wù yín ni?"

"Kí ni n ó ṣe ní Àbújá, níbi tí wọ́n ti ń há ara wọn mọ́lé bí adìyẹ?"

Marwa ṣíwọ́ wíwo ẹ̀rọ, ó wo ojú màmá. Láti kékeré rẹ̀, kò gbọ́ orúkọ Kareem lẹ́nu màmá rí.

"Ẹ ò lè pè wọ́n lórúkọ."

"Mo bá a nínú ilé nígbà tí wọ́n gbé mi wá. Ẹni tí ìyàwó bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni."

"Ẹ sì dàgbà jù wọ́n lọ!"

"Ikun ń yọ nímú rẹ̀ nígbà yẹn. Ọkọ mi náà ni."

"Ẹ̀rọ lẹ ń bá sọ̀rọ̀, màmá. Kò mọ ọkọ, kò mọ ìyàwó."

"Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé èmi náà ò mọ̀ ni?"

Marwa ń rò ó pé ẹni tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ìrora, ohun tó ti mọ́ ọn lẹ́nu ni yóò ké, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ.

"Kí lẹ máa ń pè wọ́n?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Akọ́wé. Kò sí ògiri tí kò fi ẹfun kọ nǹkan sí."

Marwa fi Akọ́wé rọ́pò Kareem nínú ẹ̀rọ. Màmá jókòó dáadáa.

"Kọ́ọ̀lù Akọ́wé."

Ẹ̀rọ tún un pè bí ẹni tí iṣu gbígbóná há sí lẹ́nu, ṣùgbọ́n fóònù dún ní Ìkàrẹ́.

"Ìyàwó wa! Ṣé kò sí?"

"Kò sí o, Akọ́wé. Ẹnu mi ni wọ́n ní kí n dán wò."

"Ó sì já geere. Èmi fúnra mi á pe Awwal."

Kò pẹ́ tí Awwal fi pè. "Mo ti gbọ́, Màámi. Ẹ ṣì lè dúró títí di Iléyá."

Màmá na ọrùn sí fóònù Marwa. "Iléyá ọdún wo?"