Kúẹ́rì Tó Sọ Mí Di Òṣìṣẹ́

Ọdún márùndínlógójì ni mo fi tọ́jú bọ́ílà ní Iléeṣẹ́ Kòkó Adùnbárìn, lẹ́yìn ìlú Ọ̀wọ̀, kí wọ́n tó sọ pé mo ti pé ọgọ́ta ọdún, kí n máa lọ sílé. Bọ́ílà ni ìkòkò irin ńlá tó ń se omi, ooru rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ yòókù fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣe ìdágbére fún mi, wọ́n fún mi ní aago ara ògiri kan tí kì í sọ òótọ́, mo sì lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Àgùdà. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n ránṣẹ́ pè mí padà. Wọ́n ní bọ́ílà náà kò gbọ́ràn sí àwọn ọmọ tuntun lẹ́nu. Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ẹni tó ti ń jí ní ìdájí láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú, tí ẹ wá ní kó máa sùn, oorun wo ló fẹ́ sùn?

Wọ́n fún mi ní ìwé kọ́ńtíráàtì ọdún kan. Mo kà á, ó yé mi. Ó yé mi nígbà náà ni o. Bí ẹ bá bi mí nísinsìnyí pé ṣé òṣìṣẹ́ ni mí tàbí ẹni tó ti fẹ̀yìntì, màá bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mu omi.

Ojú ìyàwó mi ló bí gbogbo wàhálà yìí. Yétúndé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Tiwá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí Tiwátọ́pẹ́, àkọ́bí wa. Iṣẹ́ télọ̀ ni Yétúndé ń ṣe. Ó ti tó ọdún méjì tí nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀, tọ̀tún tòsì. Kí n tó lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, èmi ni mo ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ kan, ó yí apá aṣọ náà sódì. Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín, kò ní ohun búburú lọ́kàn. Yétúndé náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí oníbàárà lọ tán ló wọ ilé ìdáná, tó sunkún. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè mú nǹkan funfun náà kúrò, ṣùgbọ́n kí a má jẹ́ kí ọdún yìí parí. Bó bá gbó jù, òun ò lè ṣèlérí mọ́.

Ìyẹn kò sì yẹ kó jẹ́ ìṣòro rárá. Ní Adùnbárìn, ẹni tó bá fẹ̀yìntì lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, kílíníìkì iléeṣẹ́ ni yóò máa tọ́jú òun àti ìyàwó rẹ̀ bíi ti òṣìṣẹ́, títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ ìwé fún yín lọ sí ọsibítù ńlá, iléeṣẹ́ á sì gbé bùkátà rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo padà síṣẹ́, mo lọ gba ìwé náà. Nọ́ọ̀sì Jemimah wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún un wò.

"Bàbá Bọ́ílà," ó ní, "wọ́n ti yọ orúkọ yín o."

"Ta ló yọ ọ́? Ṣé mo kú ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ lọ bi Qudirat ní ọ́fíìsì."

Qudirat ló ń mójú tó fáìlì gbogbo wa. Mo mọ bàbá rẹ̀ dáadáa, Àbúdùlàhí kápẹ́ńtà tó kan àga ilé mi. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó fún mi ní ìjókòó, ó fa ìwé òfin jáde.

"Bàbá, bó ṣe wà nìyí. Ẹni tó fẹ̀yìntì, tó bá tún padà síṣẹ́, ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì ẹ̀ á dúró ná."

"Ó dáa. Mo ti padà síṣẹ́. Ẹ fi orúkọ mi sọ́dọ̀ àwọn sítáàfù."

"Ẹ kì í ṣe sítáàfù, sà. Ẹni kọ́ńtíráàtì ni yín."

"Ṣé ẹni kọ́ńtíráàtì kì í láya ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó pa ẹnu dé. Ó ka òfin náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó jọ pé mo ní ẹ̀tọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ní rárá, n kò ní. Ìgbà tó kà á lẹ́ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ lẹ́rán.

"Bí mo bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lónìí ńkọ́?"

"Ìgbìmọ̀ ló máa jókòó kí wọ́n tó dá orúkọ yín padà sínú ìwé àwọn tó fẹ̀yìntì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń jókòó, sà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó tán ni."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá dúró, n kò ní kílíníìkì. Bí mo bá lọ, n kò ní kílíníìkì. Mo wá dà bí àdán, tí kò ṣe eku, tí kò ṣe ẹyẹ. Nígbà tí mo délé, mo ṣàlàyé fún Yétúndé, ó gbọ́ mi dópin, ó wá ní, "Bàbá Tiwá, ṣé iléeṣẹ́ méjì ni wọ́n ni, àbí ọ̀kan?" Mo ronú sí ìbéèrè yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àṣé ohun tó máa yọ wá ti wà ní Uso, ìlú wa, níbi tí mo ti fi ẹnu ara mi kó bá ara mi. Mo ti sọ fún Àbẹ̀ẹ́bí àbúrò mi lórí fóònù pé, "Iléeṣẹ́ ti fún mi ní kọ́ńtíráàtì o." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní Uso, ẹni tí wọ́n bá fún ní kọ́ńtíráàtì, kọngílá ni. Kọngílá sì ni ẹni tó ń gun jíìpù, tó ń fi ọwọ́ pa ikùn. Ìgbà tí mo dé Uso lọ́jọ́ Sátidé kan, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń kí mi ní "Kọngílá wa!" Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mo ń juwọ́ sí wọn.

Àṣé wọ́n ní in lọ́kàn. Àbẹ̀ẹ́bí ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣe gàrí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ti dákú láti oṣù mẹ́rin. Wọ́n kó ara wọn jọ sí iwájú ilé wa, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà wọn, kọ́ńtíráàtì ẹ̀rọ wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ wọn.

"Ẹ gbọ́," mo ní, "kọ́ńtíráàtì tèmi kì í ṣe irú ìyẹn. Iṣẹ́ oṣù ni mo tún padà sí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àbẹ̀ẹ́bí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kọngílá wo ló ń jẹ́wọ́?"

Kí ni mo lè ṣe? Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo mú sípánà ńlá iléeṣẹ́, mo gbé e lọ sí Uso. Sátidé méjì gbáko ni mo fi wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà. Ó jí. Wọ́n fún mi ní iṣu mẹ́ta, wọ́n fi orin sìn mí dé ibi mọ́tò. Mo dá sípánà padà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo rò pé ọ̀rọ̀ parí.

Kò parí. Àwọn obìnrin náà kọ ìwé sí mánìjà wa, Ọ̀gbẹ́ni Abdulfatai. Àwọn méjìlá buwọ́ lù ú. Wọ́n ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tí ẹ gbé kọ́ńtíráàtì ẹ̀rọ wa fún ọmọ wa Dominic. Ó ṣe é dáadáa. Sípánà yín sì dára púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bí òmíràn bá yọjú, òun náà ni kí ẹ tún gbé e fún."

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́rú, mo bá kúẹ́rì lórí tábìlì mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé iṣẹ́, n kò gba kúẹ́rì rí. Mo kà á: "Gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yìí, ẹ mọ̀ pé òfin kọkàndínlógún kò gba òṣìṣẹ́ kankan láyè láti gbé irinṣẹ́ jáde fún iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ wí tẹnu yín láàárín ọjọ́ mẹ́ta." Mánìjà buwọ́ lù ú, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pupa sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú tì mí débi pé mo pa á pọ̀, mo tì í sápò, mo lọ dúró sí ẹ̀yìn bọ́ílà bí ẹni ń wá nǹkan.

Nígbà tó di ìyálẹ̀ta, mo gbé e lọ fún Qudirat. Ojú rẹ̀ tàn bó ṣe kà á.

"Bàbá, eléyìí ò le rárá! Sítáàfù ni òfin kọkàndínlógún dè. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ kì í ṣe sítáàfù, ẹni kọ́ńtíráàtì ni yín. Ó parí nìyẹn. Wọn ò ní rí yín mú."

Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ń dìde, kó tó di pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo padà jókòó.

"Qudirat, òṣìṣẹ́ ni mánìjà pè mí níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí mo bá wá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé n kì í ṣe òṣìṣẹ́ ńkọ́?"

Ó mọ̀ nípa ojú Ìyá Tiwá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bíírò orí tábìlì rẹ̀.

Ẹ má rò pé ó rọrùn fún mi. Orúkọ rere ni mo kó jáde níléeṣẹ́ yẹn, òun nìkan náà ni mo sì ní tí mo lè fi yangàn. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n mo rántí ẹkún ilé ìdáná. Mo kọ èsì mi ní ìlà méjì péré: "Òṣìṣẹ́ yín ni mí lóòótọ́. Mo jẹ̀bi, ẹ foríjì mí." Lẹ́yìn náà mo ṣe fọ́tókọ́pì kúẹ́rì yẹn, mo kọrí sí kílíníìkì.

Nọ́ọ̀sì Jemimah kà á látòkè délẹ̀. "Bàbá Bọ́ílà, kúẹ́rì lẹ fẹ́ fi gba ìtọ́jú?"

"Ka ìlà àkọ́kọ́."

Ó kà á. Ó wo òǹtẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó nu ojú, ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra. "Ohun tí ọ̀gá bá kọ ni èmi ń tẹ̀ lé o," ó ní, ó sì kọ orúkọ Yétúndé.

Wọ́n ṣe ojú ọ̀tún ní oṣù tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní kó sinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó ṣe tòsì. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ ti darúgbó o." Mo ní kó padà di ojú náà. A rẹ́rìn-ín délé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣe ojú òsì nígbà tí Qudirat mú àpò ìwé kan wá bá mi nílé, láàárọ̀ Sátidé. Kò jókòó. Ó ní ìdájọ́ ìgbìmọ̀ ìbáwí ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà méjì. Kí n buwọ́ lu ọ̀kan, kí n dá a padà. Ọjọ́ tí mo bá dá a padà ló máa fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bó ṣe ń lọ, ó ní, "Bàbá, wọn ò sọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà o." Ẹ̀rù bà mí láti ṣí i. Mo gbé e fún Yétúndé pé kó fi dán ojú rẹ̀ tuntun wò.

Ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń kà á geere bí ọmọ iléèwé. "'Lẹ́yìn àyẹ̀wò wa, a rí i pé ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yìí. Nítorí náà, kúẹ́rì tí a kọ sí yín kò tọ́, a sì ti fagi lé e. Ẹ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Orúkọ yín mọ́.'"

Mo fò dìde. Orúkọ mi mọ́! Bíírò ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó mọ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé Yétúndé ti gbé ìwé náà sórí itan. Ó ń fi ojú kan ṣoṣo tó dá yẹn wò mí. Èmi náà dúró gbagidi, n kò mọ̀ bóyá kí n jókòó ni tàbí kí n dúró.

Ó ká ìwé náà pọ̀, ó tì í sábẹ́ ìdìpọ̀ aṣọ àwọn oníbàárà.

"Bàbá Tiwá, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á yìí?"

"Èmi?" ó ní. "Èmi tí ojú mi ò tíì dá? N ò rí nǹkan kan níbẹ̀ o."

Mo dá bíírò padà sápò. Mo ṣì jẹ̀bi, ó di oṣù tó ń bọ̀.